Àlìkámà, Búrẹ́dì àti Ìwúkàrà: Ìtàn Oúnjẹ Kan láti Èbúté Mẹ́ta dé Okota

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí: àlìkámà, búrẹ́dì àti ìwúkàrà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ ohun púpọ̀ nínú ìtàn oúnjẹ tí àìmọye ilé ní Èkó fi ń jí ní òwúrọ̀.

Àlìkámà ni ọkà tí a ń lọ̀ di ìyẹ̀fun. Ìhà àríwá ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Al-qamḥ ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Àwọn Haúsá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di alkama. Àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Búrẹ́dì ni oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ gba ojú òkun wọlé láti ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi fáwẹ̀lì méjì kún un kí ó lè bá ahọ́n wa mu: ọ̀kan láti la kọ́ńsónáǹtì méjì tí ó ṣíwájú níyà, èkejì láti fi parí ọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìwúkàrà ni ohun tí ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò wú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni a kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tú u wò: ì, wú, àkàrà, ohun tí ń mú àkàrà wú.

Àwọn kan a máa sọ pé búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ wa, pé oúnjẹ òyìnbó ni, àti pé ojú ayé lásán ni a fi ń jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn a sì máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ láìbi ara wọn léèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti ìhà méjèèjì. Òtítọ́ ni pé àjèjì ni ọkà náà, àjèjì sì ni orúkọ oúnjẹ náà; ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ń sọ ìyẹ̀fun di búrẹ́dì kì í ṣe àjèjì ní ilé Yorùbá. Láti ìgbà tí a ti fi ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ àti ilé-iṣẹ́ nìkan ni búrẹ́dì ti di ohun tí ń jọba lé wa lórí. Èyí ni mo fẹ́ kí ìtàn tí ó tẹ̀lé e yìí fi hàn.

ÌWÚKÀRÀ KÍ BÚRẸ́DÌ TÓ DÉ

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ̀ dájú pé oúnjẹ a máa yí padà bí a bá fi í sílẹ̀ fún àkókò tí ó tọ́. Ẹni tí ń ṣe ògì a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. A lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a sì jẹ́ kí ó kan. Ẹni tí ń ṣe gàárì kì í yan ẹ̀gẹ́ ní wàrà tí ó bá rin ín tán. A dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e, a sì ní sùúrù. Oníirú a bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi ta. Ẹni tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a kọ́kọ́ jẹ́ kí àgbàdo hù kí ó tó gbé e kaná. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ògì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú irú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́ni: ohun kan wà tí ojú kò rí tí ó ń ṣiṣẹ́, ọgbọ́n asè sì ni láti mọ ìgbà tí iṣẹ́ náà tó àti ìgbà tí ó ti kọjá ààlà.

Èyí tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ẹmu. Ẹmu tí a dá ní ìdájí a máa dùn bí oyin. Bí oòrùn bá ti ń gòkè ni yóò máa hó, tí yóò máa yọ ìfóófòó. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn rẹ̀ ti dínkù, ó sì ti di ohun tí ń pa ènìyàn. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń mú ohun méjì jáde: ọtí àti afẹ́fẹ́. Irú ẹ̀dá kan náà tí ó wà nínú yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà wà nínú ẹmu pẹ̀lú. Nínú ẹmu, ọtí ni a fẹ́, afẹ́fẹ́ a sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ ni a fẹ́, iná a sì lé ọtí lọ. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣe búrẹ́dì káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń lo ẹmu láti mú ìyẹ̀fun wú kí yíìsì inú agolo tó wọ́pọ̀ lọ́jà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ti mọ ìdí iṣẹ́ yìí tipẹ́. Láti ayé àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ni ènìyàn ti ń jẹ búrẹ́dì tí ó wú, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1860 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fi hàn gbangba pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni ó ń mú ṣúgà di ọtí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni gbogbo ayé fi mọ ìṣe náà láìmọ ìdí rẹ̀. Nínú èyí, adẹ́mu abúlé Awórì àti oníbúrẹ́dì ìlú Paris kò ju ara wọn lọ.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá ọ̀rọ̀ búrẹ́dì pàdé níbi púpọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n pè é ní ibòmíràn, àkàrà ni wọ́n pè é ní ibòmíràn. Èyí tí kò ní ohun amúnwú nínú di àkàrà aláìwú, ohun amúnwú fúnra rẹ̀ sì di ìwúkàrà. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé bí a kò bá po ẹ̀wà lílọ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, àkàrà yóò le bí òkúta nínú epo. Ìyá aláàkàrà tí kò tíì fi ojú kan búrẹ́dì rí yóò gbọ́ ìwúkàrà, yóò sì mọ ohun tí a ń wí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti inú ìkòkò àkàrà ni àwọn atúmọ̀ ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àlàyé oúnjẹ ilẹ̀ àjèjì.

SÀRÓ, ÀGÙDÀ ÀTI ARÁ JÀMÁÍKÀ KAN

Láti ìparí àwọn ọdún 1830 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú ti ń padà bọ̀. Àwọn Sàró ti Freetown wá. Àwọn Àgùdà ti Bùràsíìlì àti Kúbà wá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti jẹ búrẹ́dì ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, wọn kò sì pàdánù ìfẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti míṣọ́nnárì tún kún wọn. Ìyẹ̀fun ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àwọn díẹ̀ ni búrẹ́dì jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni ó ṣì gba òwúrọ̀ gbogbo ènìyàn.

Rélùwéè ni ó yí nǹkan padà. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó, nígbà tí ó sì di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ sí Ìbàdàn. Èbúté Mẹ́ta di ibùjókòó rélùwéè, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé pọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ tí fèrè iṣẹ́ ń pè ní kùtùkùtù kò ní àyè láti dúró de ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kaná. Oúnjẹ tí a lè rà, tí a lè gbé lọ́wọ́, tí kì í sì í tètè bàjẹ́, ni ó bá irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé rélùwéè náà ni Amos Stanley Wynter Shackleford. Ọmọ Jàmáíkà ni. Ọdún 1887 ni a bí i, ó sì dé Èkó ní 1913. Lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀, ó ṣe akọ̀wé fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, nígbà tí ó sì di 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Kì í ṣe owó nìkan ni ó wà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí Marcus Garvey dá sílẹ̀, ẹ̀ka ti Èkó, ẹgbẹ́ tí ń wàásù pé kí ènìyàn dúdú dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kí ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tí àwọn mìíràn ń fi ẹnu wí ni òun fi ìyẹ̀fun ṣe. Òwò rẹ̀ gbòòrò títí ó fi dé Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, tí àwọn ènìyàn sì ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ó kú ní 1954.

Ohun kan tí a gbọdọ̀ rántí Shackleford fún ni ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ẹ̀rọ náà ní òpó irin méjì tí wọ́n dùbúlẹ̀ tí ara wọn, tí wọ́n sì ń yí. A ó ti ìyẹ̀fun pípò bọ àárín wọn, yóò jáde ní pẹlẹbẹ. A ó ká a, a ó tún tì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ara rẹ̀ yóò fi dán bí awọ. Èyí ni ó fún búrẹ́dì Èkó ní ìwà tirẹ̀: inú rẹ̀ kúnná, ó funfun, ó ń fà bí a bá ń ya á, ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. Ìru ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì líle ti Jàmáíkà. Ẹni tí ó bá ti jẹ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí èmi ti jẹ wọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí a ti ń tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Peckham, yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọmọ àwọn tí a kó lọ ni ó gbé ọgbọ́n kan padà wá fún àwọn tí ó kù nílé.

AGÉGE

Kí Agége tó di orúkọ búrẹ́dì, orúkọ oko ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Èkó bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker dá oko kòkó àti ti obì sí àgbègbè náà, obì Agége sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀nà rélùwéè gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí èrò bá ti ń sọ̀, tí wọ́n sì ti ń wọ̀, oúnjẹ tí a ń gbé lọ́wọ́ a máa tà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé búrẹ́dì pọ̀ sí Agége, orúkọ ìlú náà di orúkọ irú búrẹ́dì kan. Lónìí, búrẹ́dì Agége tí a ṣe ní Okota, tí a ṣe ní Ìbàdàn, tàbí tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀n, búrẹ́dì Agége náà ni a ń pè é.

Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé e káàkiri. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì a máa fún wọn ní àwìn ní ìdájí. Wọn a gbé e lérí nínú ọpọ́n, bọ́tà lápá kan, ọ̀bẹ lápá kan, wọn a kiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọn a sì san owó lẹ́yìn tí ọjà bá tà. Ẹ̀wà Agànyìn, tí àwọn ará etíkun Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ gbé wá sí Èkó, pàdé búrẹ́dì yìí lójú pópó, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti ya ara wọn mọ́. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú àwo kan ṣoṣo: ọkà tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, ẹ̀rọ ará Jàmáíkà, ọbẹ̀ Agànyìn, ọwọ́ obìnrin Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé oúnjẹ Èkó kọ́ nìyí, kí ó sọ èwo ni í ṣe.

Peter Kilby, onímọ̀ nípa ọrọ̀-ajé, kọ odidi ìwé lórí iṣẹ́ búrẹ́dì ní Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1965, ó sì fi iṣẹ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ bí ọmọ Áfíríkà ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ààrò alámọ̀ tí a ń fi igi dá, ẹ̀rọ ìtẹ̀yẹ̀fun tí àwọn oníwẹ́dà wa ń jó pọ̀, ọwọ́ wa ni ó ṣe wọ́n. Ibì kan ṣoṣo ni okùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́: ibi tí ìyẹ̀fun ti ń wá.

LÁTI APAPA SÍ ÒṢÒDÌ

Okota wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ oko àwọn Awórì ni ó jẹ́ kí ìlú Èkó tó gbòòrò dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni a la ọ̀nà márosẹ̀ láti Apapa sí Òṣòdì, Okota sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún ilé alájà, fún Yorùbá, fún Ìgbò àti fún àwọn ẹ̀yà mìíràn. Kò sí ibi tí a ti lè rí ìtàn búrẹ́dì kedere tó etí ọ̀nà yìí. Ní ìparí rẹ̀ kan ni èbúté Apapa wà, níbi tí àlìkámà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ní ìparí rẹ̀ kejì ni Òṣòdì wà, níbi tí ìjọba ti dá ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní 1956, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO. Láti Òṣòdì yìí náà ni ọ̀nà mọ́tò ti ń lọ sí Agége. Àárín méjèèjì ni Okota wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Apapa. Ní 1960 ni a dá ilé-iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria sílẹ̀. Ní 1962 ni ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Apapa. Láti ìgbà náà, dípò ìyẹ̀fun, ọkà fúnra rẹ̀ ni a ń kó wọlé láti lọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, búrẹ́dì kúrò ní oúnjẹ àwọn ará ìlú ńlá nìkan, ó wọ abúlé. Owó wà, àlìkámà sì ń bọ̀. Gunilla Andrae àti Björn Beckman rí ewu tí ó wà níbẹ̀; nínú àkọlé ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, wọ́n fi àlìkámà wé pàkúté. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

A kò wò ó láti òkèèrè. Nígbà tí owó epo lọ sílẹ̀, ìjọba Ọ̀gágun Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987. Èrò ìjọba ni pé kí àwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá gbìn ín. Òtítọ́ ni pé wọ́n ti ń gbìn ín díẹ̀díẹ̀ ní Kánò àti Bọ̀nọ́ láti ayébáyé, pẹ̀lú omi tí a ń fà sí oko ní ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kò tó ohun tí ẹnu gbogbo orílẹ̀-èdè ti kọ́ láti máa jẹ. Búrẹ́dì kéré, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn onífàyàwọ́ ń gba ẹnubodè kó o wọlé. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ìjọba fi mú òfin náà kúrò.

Ní Òṣòdì, àwọn onímọ̀ FIIRO gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní bí a kò bá ní àlìkámà tó, a ní ẹ̀gẹ́. Wọ́n ṣe ìwádìí bí a ti lè da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà. Ní ìgbà ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, a pa á láṣẹ pé kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun jẹ́ ẹ̀gẹ́. Ìjọba Ààrẹ Jonathan tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2012. Kí ni ìdí tí a kò fi lè lo ẹ̀gẹ́ nìkan? Ìdí náà wà nínú àlìkámà. Bí omi bá kan ìyẹ̀fun àlìkámà, tí a sì pò ó, ohun kan nínú rẹ̀ a máa fà bí rọ́bà. Ohun tí ń fà yìí ni ó máa ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà bá mú jáde. Ẹ̀gẹ́ kò ní in, àgbàdo kò ní in. Afẹ́fẹ́ yóò jáde, búrẹ́dì yóò sì wó. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ lè ran àlìkámà lọ́wọ́, kò lè jókòó sí ipò rẹ̀ pátápátá. Ó ṣeni láàánú pé ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ yìí pàápàá kò fìdí múlẹ̀ ní ilé búrẹ́dì púpọ̀.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní 2022, àlìkámà wọ́n káàkiri ayé. Ní Oṣù Keje ọdún náà, àwọn oníbúrẹ́dì kan ní Nàìjíríà dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìdílé tí ń gbé Okota, tí kò mọ ibi tí Ukraine wà, mọ̀ ọ́n lára nínú owó búrẹ́dì. Ohun tí mo ń wí nìyí nígbà tí mo sọ pé búrẹ́dì ń jọba lé wa lórí.

BÍ ẸNI TÍ KÒ ṢE É RÍ TI LÈ BẸ̀RẸ̀

Kò sí ìdílé kan tí ó lè dá iye owó àlìkámà ayé dúró. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù, ìtàn tí a kò sì lè fi ọwọ́ ṣe ti di àlọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí a ti ń ṣe búrẹ́dì nínú ilé, fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Kí ó wọn ìyẹ̀fun 500 gíráàmù, bí ife mẹ́rin. Kí ó fi ìwúkàrà gbígbẹ gíráàmù 7 sí i, bí ṣíbí tíì méjì. Iyọ̀, ṣíbí tíì kan ààbọ̀. Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun méjì. Òróró tàbí bọ́tà, ṣíbí ìjẹun méjì. Omi tí ó nílò kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lítà kan lọ. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná. Nínú ooru Èkó, omi ẹ̀rọ lásán ti tó. Abẹ̀mí ni ìwúkàrà, omi gbígbóná a sì máa pa á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó sì máa pò ó lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, kí ó ká a padà, kí ó yí i, kí ó tún tì í. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kí ó má ṣe sáré da ìyẹ̀fun lé e. Lílẹ̀ náà yóò lọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí òpó irin méjì ẹ̀rọ Shackleford ń ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe yìí.

Bí ara rẹ̀ bá ti dán, kí ó bò ó, kí ó sì fi í sílẹ̀. Nínú ooru wa, wákàtí kan ti tó kí ó di ìlọ́po méjì; ní ìgbà ọyẹ́ yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ojú ni kí ó fi wò ó, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aago nìkan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ti ń kùnà, nítorí ìkánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí ohun tí òwe yìí bá mu tó búrẹ́dì, nítorí pé èyí tí a kánjú ṣe a máa le ní ti gidi. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ jáde, kí ó ká a bí ẹní, kí ó tẹ́ ẹ sínú agolo tí ó ti fi òróró pa, kí ó sì jẹ́ kí ó tún wú fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú.

Bí ó bá ní ààrò ìgbàlódé, kí ó jẹ́ kí ó gbóná tó 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì fi búrẹ́dì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n sí márùndínlógójì ìṣẹ́jú. Bí kò bá ní, kò sí ìyọnu. Kí ó wá ìkòkò irin tí ó nípọn, kí ó da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó gbé agolo lé ohun kékeré kan lórí yanrìn náà, kí ó dé e, kí ó sì kó ẹ̀yín iná lé ọmọrí. Bí ó bá ti pọ́n, kí ó yọ ọ́, kí ó sì fi ìka kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá dún bí ìlù, ó ti jinná. Kí ó jẹ́ kí ó tutù kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo wí nípa ẹmu, kí ó wá ẹmu tuntun tí ń hó lọ́wọ́, tí a kò bu omi là, kí ó sì lò ó dípò omi àti ìwúkàrà gbígbẹ. Wíwú rẹ̀ yóò gba wákàtí púpọ̀ sí i, búrẹ́dì náà yóò sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n yóò wú. Bí ó bá sì fẹ́ da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, kí ó mú gíráàmù 50 kúrò nínú 500 ti àlìkámà, kí ó fi ti ẹ̀gẹ́ dí i. Ìdá mẹ́wàá tí a ń jiyàn lé lórí lọ́dọ̀ ìjọba nìyẹn, lórí tábìlì ilé ìdáná ní Okota.

IṢẸ́ TI ÀWA OLÙKỌ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tí àkọsílẹ̀ báyìí ń wá nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ tí ó wà fún ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi ni pé èdè kì í gbé inú oríkì àti ìtàn àtẹnudẹ́nu nìkan. Ó ń gbé inú iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ́ nípa yíìsì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó kọ́ jẹ́ ohun tí a bò nínú agolo tí ó ti òkè òkun wá. Nígbà tí a bá pè é ní ìwúkàrà, tí a sì fi ẹmu, ògì àti àkàrà ṣe àlàyé rẹ̀, ọmọ náà yóò mọ̀ pé ohun tí Pasteur rí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àgbà ń ṣọ́ nínú ìkòkò. Yóò mọ ìdí tí ẹ̀gẹ́ kò fi lè dá di búrẹ́dì, yóò sì lè rò ó bóyá òun lè ṣe ohun tí àwọn ti Òṣòdì kò tíì ṣe parí.

Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ láti ayé Crowther. Àwọn oníbúrẹ́dì Okota kò lò ó. Yíìsì ni wọ́n ń wí. Àwọn ọmọ wa sì rò pé inú Bíbélì nìkan ni ìwúkàrà ń gbé. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ mú un padà sí ilé ìdáná àti sí kíláàsì, pẹ̀lú pípò, títẹ̀ àti wíwú tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè pẹ́ kí àlìkámà tó di ti wa. Búrẹ́dì ti di ti wa ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é, tí ó kiri rẹ̀, tí ó sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti jẹ́ ti wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.